Ogójì Ọdún Ni Ibi Ìwa-Èédú Enugu Fi Kógbá Wọlé



Bí ilé kan bá wó lójijì, gbogbo àdúgbò ni yóò sáré jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé ikán ló ń jẹ òpó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ yóò máa sùn, wọn yóò máa jí, wọn yóò tilẹ̀ máa gba àlejò sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oṣù rí. Ilé-iṣẹ́ tó bá ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo máa ń di ìròyìn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò pariwo, àwọn aláṣẹ yóò wá sọ̀rọ̀, ará àti ọ̀rẹ́ yóò wá kí ẹni tọ́ràn kàn. Èyí tó bá ń kú lọ fún ogójì ọdún kì í ní ọjọ́ òkú. Lọ́dún yìí, wọn kò gba òṣìṣẹ́ tuntun mọ́. Nígbà tó ṣe, wọ́n dín àfikún owó kù. Nígbà tó tún ṣe, owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Kò sí ọjọ́ kan nínú gbogbo rẹ̀ tí ènìyàn lè nàka sí pé, “Òní yìí gan-an ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.” Irú ikú bẹ́ẹ̀ ló pa iṣẹ́ èédú ní Enugu, ìlú tí a ń tìtorí èédú kan sáárá sí káàkiri Nàìjíríà nígbà kan.

Bóyá ẹnìkan nínú yín yóò bi wá pé, kí ló kan Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá nínú èédú ilẹ̀ Ìgbò? Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti bàbá ńlá wa tó tẹ̀dó sí Zaria, Kaduna, Kano àti Jos, ọkọ̀ ojú irin ló gbé wọn láti Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin. Ọkọ̀ ojú irin ìgbà náà, iná ló ń jẹ kí ó tó lè rìn. Omi tó ń hó, tó ń di ooru, ló ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èédú Enugu ni wọ́n ń kó sínú iná náà. Èédú yìí kan náà ni wọ́n kó dé Ijora ní Èkó, tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná fún ìlú. Àwọn tó wà á jáde lábẹ́ òkè kò mọ̀ wá, àwa náà kò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n òógùn wọn wà nínú ìrìn àjò tó gbé ọ̀pọ̀ ìdílé wa dé ibi tí wọ́n wà lónìí.

Ní 1909 ni àwọn òyìnbó tó ń yẹ ilẹ̀ wò fún ìjọba amúnisìn rí èédú náà lábẹ́ àwọn òkè Udi. Kì í ṣe èédú igi tí àwọn ìyá wa fi ń sun àgbàdo. Òkúta dúdú ni, tó wà ní ìpele ìpele nínú ilẹ̀. Àwọn igi àti ewéko àtijọ́ tí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún àìmọye ọdún ló dà bẹ́ẹ̀. Ní 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Ogbete. Ní 1916 ojú irin láti Port Harcourt dé ibẹ̀, bíi 24,500 tọ́ọ̀nù ni wọ́n sì wà jáde lọ́dún náà. Iva Valley tẹ̀lé e ní 1917. Port Harcourt fúnra rẹ̀, kí èédú lè rí ọ̀nà dé òkun ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dó. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń gbòòrò ni ìlú Enugu ń gbòòrò. Àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé ni wọ́n ń pè ní Coal Camp títí di òní olónìí.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ènìyàn yóò wọ inú ihò lọ lábẹ́ òkè, yóò tẹ̀ kòkó nínú òkùnkùn pẹ̀lú díígà àti ṣọ́bìrì, yóò máa gé èédú lára ògiri, wọn yóò sì máa ti ọmọlanke onírin tó kún fún un jáde. Òkè lè ya lulẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè burú, eruku rẹ̀ a sì máa wọ ẹ̀dọ̀fóró. Síbẹ̀, owó rẹ̀ máa ń fa ìjà. Ní ọjọ́ 18 oṣù November ọdún 1949, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bá àwọn aláṣẹ fa ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n ní Iva Valley. Ènìyàn 21 kú, ọ̀pọ̀ sì fara gbọgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà mi gbogbo Nàìjíríà jìgìjìgì. Olóògbé Hubert Ogunde gbé eré kan jáde lórí rẹ̀ ní 1950, ó pè é ní Bread and Bullet. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Ní Iva Valley, ọta ìbọn ni wọ́n fi dá ẹni tó béèrè owó òógùn rẹ̀ lóhùn.

Kò ju ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìpànìyàn náà tí iṣẹ́ èédú fi dé góńgó rẹ̀. Láàrin 1958 sí 1959, ohun tí wọ́n wà jáde lé ní 900,000 tọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá wo ìṣirò yẹn nígbà náà yóò sọ pé ẹni tó bá ti ríṣẹ́ síbẹ̀ ti ríṣẹ́ dọjọ́ alẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí yìí, torí ibí ni ẹ̀kọ́ náà wà. Ní àkókò kan náà tí òkìtì èédú ń ga, àwọn tó ń rà á ti ń yọ ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjọ ọkọ̀ ojú irin, tó jẹ́ oníbàárà pàtàkì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ tó ń lo epo dísù. Wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956. Ìsédò Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná mànàmáná ní 1968, gáàsì náà sì tún wọlé dé. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ihò kò lè rí èyí láti ibi tí wọ́n wà. Lójú tiwọn, fèrè iṣẹ́ ṣì ń dún láràárọ̀.

Ogun abẹ́lé wá bá a níbi tó ti ń ṣàìsàn. Láti 1967 sí 1970, iṣẹ́ dúró, ẹ̀rọ bàjẹ́, omi sì kún inú àwọn ihò náà. Omi a máa ṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ̀rọ kò bá fà á jáde, òun ni yóò gba ibẹ̀. Nígbà tí ogun parí, wọ́n tún àwọn ihò kan ṣí, wọ́n tilẹ̀ kó ẹ̀rọ ìgbàlódé wá sí Okpara àti Onyeama ní àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wà kò padà dé ìdajì ti 1959 mọ́ láé. Àwọn mìíràn tún gbójú lé ilé-iṣẹ́ irin Ajaokuta pé yóò ra èédú. Irú èédú tó wà ní Enugu kì í ṣe irú èyí tí a lè fi yọ́ irin níbẹ̀. Ní 1999, àjọ ìjọba tó ń wa èédú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1950, pàdánù àṣẹ tó ní pé òun nìkan ni yóò máa wà á. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn ihò náà fi dákẹ́.

Àwọn tí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn kò gba gbogbo ẹ̀tọ́ wọn lásìkò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn arúgbó nínú wọn fi ń béèrè owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún. Ní ti Coal Camp, ó ti di ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń tún ọkọ̀ ṣe, tí wọ́n sì ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ẹ wò ó bí ayé ti ń yí: ẹ̀rọ epo bẹntiróòlù àti dísù, tó lé èédú jáde lọ́jà, ni wọ́n ń tú palẹ̀ ní àdúgbò àwọn awakùsà.

Ṣé bí gbogbo ibi ìwa-èédú ṣe ń parí nìyí? Rárá o. Ní agbègbè Ruhr, ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì, àkókò kan náà pẹ̀lú Enugu ni ìdààmú bẹ̀rẹ̀. Ní 1957, bíi 600,000 ènìyàn ló ń jẹun nídìí èédú ní orílẹ̀-èdè náà. Epo rọ̀bì gba ọjà lọ́wọ́ wọn, èédú olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè sì gba ìyókù. Àwọn náà fi ogójì ọdún kógbá wọlé, kódà wọ́n fi tó ọgọ́ta. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ojú wọn là sílẹ̀. Ìjọba, ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń jókòó pọ̀. Ní 2007 wọ́n fẹnu kò sí i pé iṣẹ́ èédú abẹ́ ilẹ̀ yóò dópin ní 2018, wọ́n sì lo ọdún mọ́kànlá tó wà láàrin dáadáa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ihò, tó sì ti pé ẹni 50 ọdún, lè jókòó sílé, kí ó máa gba owó kan lóṣooṣù títí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gan-an yóò fi tó. Wọ́n gbé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tó bẹ́ẹ̀ lọ sí ihò tó ṣì ṣí, tàbí kí wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 21 oṣù December ọdún 2018, ní Prosper-Haniel ní ìlú Bottrop, wọ́n fa ègé èédú tó kẹ́yìn lé Ààrẹ Frank-Walter Steinmeier lọ́wọ́.

A kò sọ pé Ruhr di àlùjánnà. Owó ìjọba tó wọ ibẹ̀ pọ̀ jọjọ, àìríṣẹ́ṣe sì ṣì ń fojú àwọn ará Gelsenkirchen rí màbo ju ọ̀pọ̀ ìlú Jámánì lọ. Ní Bochum, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Opel sórí ilẹ̀ tí ihò èédú ti wà rí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962. Òun náà ti ilẹ̀kùn ní 2014. Ẹni tó sá fún iṣẹ́ tó ń kú lè bá òmíràn tó ń kú pàdé.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn Ruhr tó yẹ kí Mùsùlùmí mọ̀. Láti 1961, nígbà tí Jámánì àti Tọ́kì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ arákùnrin wa nínú ẹ̀sìn ló kúrò ní Tọ́kì lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn kan nínú ihò èédú, àwọn kan nídìí irin. Ìrò ọ̀pọ̀ wọn ni pé ọdún díẹ̀ ni àwọn yóò lò. Ẹ̀yin tí bàbá yín lọ sí Kano fún ọdún méjì, tí ẹ sì bí ọmọ-ọmọ síbẹ̀, ẹ mọ bí irú ìrò bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí. Ní 2008, ihò èédú tó kẹ́yìn ní ìlú Duisburg, èyí tó wà ní Walsum, tì. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn Mùsùlùmí ìlú náà ṣí mọ́sáláṣí ńlá wọn ní Marxloh. Iṣẹ́ tó kó wọn wá ti lọ. Ìjọ tí wọ́n kó jọ kò lọ.

Ìtàn Ànábì Yūsufu, tó wà ní orí kejìlá Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, ni ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù lójú wa. Ọba Íjíbítì lá àlá, ẹnikẹ́ni kò lè túmọ̀ rẹ̀ fún un àfi Yūsufu: ọdún méje ọ̀pọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ọdún méje ọ̀dá. Ṣùgbọ́n Yūsufu kò dúró lórí ìtumọ̀. Ó sọ ohun tí wọ́n máa ṣe, ó ní kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àfi ìwọ̀nba tí wọn yóò jẹ. Àgbẹ̀ mọ ìdí rẹ̀: ọkà inú ṣírí máa ń pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ọ̀dá náà dé, àsọtẹ́lẹ̀ kò dá a dúró, ṣùgbọ́n ó bá oúnjẹ nínú àká. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ tó ń kú díẹ̀díẹ̀, Ọlọ́hun ti fi àlá ọba hàn án lójú òyì.

Àwọn àlá mìíràn ti ṣẹ níhìn-ín lójú wa. Ẹ̀yin ará wa ní Kaduna kò ní gbàgbé Kaduna Textiles, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 tó sì tì ní 2002, tàbí ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL tó dáṣẹ́ dúró ní 2007, tí àwọn tó lé ní 4,000 sì padà sílé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó tó di ọjọ́ yẹn, aṣọ láti òkèèrè ti kún ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná mànàmáná ti di ìṣòro, epo dúdú tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ti wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ara ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe le tó, kí ó má wo gáàtì rẹ̀ àti àwọ̀ ọ̀dà tó wà lára ògiri. Kí ó béèrè pé ta ló ń ra ohun tí à ń ṣe, ṣé ó sì ń rà á bíi ti àná?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ kan láì fi bò. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin bàbá ilé kì í sọ fún ìyàwó yín pé nǹkan ti ń bàjẹ́ níbi iṣẹ́. Bàbá yóò máa wẹ̀ láràárọ̀, yóò gbé báàgì, yóò jáde, owó oṣù mẹ́ta sì wà níta tí kò tíì wọlé. Ìyàwó kò mọ̀, ó ń ra ohun tó máa ń rà. Àwọn ọmọ kò mọ̀, wọ́n ń béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè. Gbèsè ni yóò wá sọ ọ́ fún wọn. Kò sí ọlá nínú irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tó bá mọ̀ lọ́dún kìíní lè mú òwò rẹ̀ gbòòrò, lè dín ìnáwó aṣọ ẹbí kù, lè kó sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ̀yin ìyá náà, bí ó bá sọ ọ́, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ohun tí ẹ óò fi bú u nígbà tí ìjà bá dé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti kọ́ láti máa dákẹ́.

Òfin náà ní ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san owó sí àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ rẹ̀: òṣìṣẹ́ yóò fi ìpín 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ yóò fi 10. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń kú a máa yọ 8 yìí lára owó oṣù, wọn kò sì ní san án síbi tó yẹ. Nítorí náà, kí ẹ máa béèrè àkọsílẹ̀ àpò yín lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ ṣì wà láàyè, torí pé ó ṣòro láti bá òkú dúnàádúrà. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pé 50 ọdún, tí kò sì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gba ohun tí kò ju ìdámẹ́rin owó tó wà nínú àpò náà lọ. Owó yìí ló máa ń fa wàhálà. Ẹlòmíràn á fi ra ọkọ̀, ẹlòmíràn á fi ṣe ìnáwó. Ẹlòmíràn tí kò rí i gbà á sáré lọ yá owó èlé, ẹ sì mọ ohun tí Ọlọ́hun sọ nípa èlé.

Ará Mẹ̀dínà kan wá tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ànábì bi í pé kí ló wà nílé rẹ̀. Ó ní aṣọ ìbora kan àti ife ìmumi. Ànábì ní kí ó kó wọn wá, ó sì fi wọ́n lọ àwọn tó wà níbẹ̀; wọ́n rà á ní dírámù méjì. Ó ní kí ọkùnrin náà fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó fi èkejì ra àáké. Òun fúnra rẹ̀, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ so èèkù mọ́ àáké náà. Ó ní kí ó máa lọ ṣẹ́ igi tà, kí òun má rí i fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ó padà wá, ó ti ní dírámù mẹ́wàá. Ẹ ṣàkíyèsí pé oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ rà, àáké tẹ̀lé e. Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ìmọ̀ràn.

Nínú àwọn ìpín mẹ́jọ tí Ọlọ́hun dárúkọ fún sàká nínú Sūrat at-Tawbah, tálákà, aláìní àti onígbèsè wà níbẹ̀. Ẹni tó gba owó oṣù dáadáa títí di ọdún tó kọjá lè ti bọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ìpín yìí lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, nítorí pé ó ṣì ń wọ àgbádá rẹ̀ wá sí Jímọ̀. A bẹ àwọn ìgbìmọ̀ sàká ní gbogbo ẹ̀ka wa pé kí wọ́n wá irú wọn kàn ní bòńkẹ́lẹ́, kí wọ́n má retí kí wọ́n wá tọrọ. Kí ìgbìmọ̀ bá onígbèsè san gbèsè náà fún ẹni tó jẹ, kí wọ́n sì ra irinṣẹ́ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́: ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, àpótí irinṣẹ́ mẹkáníìkì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́ kékeré, tí ẹ sì lè gba ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn ará wa síṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá akọ̀wé ẹ̀ka yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀.